Òfo Inú Okùn: Àlàyé lórí Àmì Tí Kì í Hàn àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́ ní Yorùbá

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ó bá fẹ́ wá èdè-ìperí fún ẹ̀ka ìmọ̀ kan. Ó ní láti kọ́kọ́ wọ inú ilé ìmọ̀ náà, kí ó mọ ohun tí ó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó tó sọ ohunkóhun lórúkọ níbẹ̀. Nínú ìmọ̀ kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tí kò sí ohun tí ó kéré tó o, síbẹ̀ tí wàhálà rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ohun ńlá lọ. Ohun náà ni àmì ìkọ̀wé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0. Kì í hàn lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ohùn tí a lè fi ẹnu pè.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí àmì náà jẹ́, bí ó ṣe di òpin okùn, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá bọ́ sí àárín okùn, ọ̀nà tí a lè gbà yẹra fún ewu rẹ̀, àti orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ní èdè Yorùbá. Ilẹ̀ Ìbàràpá ni a ti mú àwọn àpẹẹrẹ inú rẹ̀. Nínú àwọn ìlú méje tí a mọ̀ sí Ìbàràpá méje, èyíinì ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè, Lánlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, Igbó-Ọrà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nítorí ìbejì. Ìwádìí tí Patrick Nylander ṣe ní ìlú náà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ìbejì tó 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ. Níbi tí ìbejì bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, orúkọ méjì tí kò gbọdọ̀ ya ara wọn ni akọ̀wé máa ń bá pàdé nígbà gbogbo. Orúkọ méjì bẹ́ẹ̀ ni yóò sì fi iṣẹ́ àmì yìí hàn wá kedere.

2. Okùn owó àti okùn àmì

Ọ̀wọ́ àmì ìkọ̀wé tí a tò tẹ̀ léra nínú kọ̀ǹpútà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní string. Okùn àmì ni orúkọ tí ó bá a mu jù lọ ní Yorùbá. Kì í ṣe pé Yorùbá ń sín Gẹ̀ẹ́sì jẹ níhìn-ín. Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń sín nǹkan sí okùn kí iye rẹ̀ lè yéni. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì owó ni ó wà lórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000.

Ọ̀nà méjì ni ẹni tí ó mú okùn owó lọ́wọ́ lè gbà mọ ibi tí owó náà parí sí. Ọ̀nà kìíní ni kí ó ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó mọ̀ pé ogójì ni, yóò sì kà á títí ogójì yóò fi pé. Ọ̀nà kejì ni kí ó máa fi ọwọ́ tọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan kókó tí a ta sí ìdí okùn. Ẹni tí ó gba ọ̀nà kìíní kò ní ohun tí í fi kókó ṣe. Bí kókó mẹ́ta tilẹ̀ wà láàárín okùn, yóò fò wọ́n kọjá, yóò sì ka ogójì rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gba ọ̀nà kejì bá kan kókó lẹ́yìn ẹyọ kẹjọ, yóò ní owó mẹ́jọ péré ni ó wà níbẹ̀. Kò purọ́, ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé ni ó tàn án jẹ.

Bí ọ̀ràn ti rí nínú kọ̀ǹpútà gan-an nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ibi ìpamọ́ rẹ̀ dàbí àwọn àpótí kéékèèké tí a tò sí ẹsẹ̀ kan. Báìtì kan ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, báìtì kan kò sì lè ju nọ́ńbà kan lọ, láti 0 dé 255. Àwọn àpótí náà kò ní ògiri láàárín tí yóò fi hàn pé okùn kan ti parí, òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ètò ní láti mọ òpin okùn, yálà nípa iye tàbí nípa kókó.

3. Ibi tí kókó náà ti wá

Ní ọdún 1963 ni a gbé ìlànà ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Ìlànà yìí fún àmì ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 0 dé 127. Nọ́ńbà 65 ni ti A, 32 ni ti àyè tí a ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, 48 sì ni ti àmì 0 tí a fi ń kọ òǹkà. Nọ́ńbà 0 gan-an ni a fún àmì kan tí kò dúró fún lẹ́tà tàbí òǹkà kankan.

Tẹ́ẹ̀pù bébà ni a fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ nígbà náà, ihò ni a sì ń lu sí i lára. Ibi tí a bá lu jẹ́ 1, ibi tí a kò bá lu jẹ́ 0. Àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 kò ní ihò kankan. Bébà lásán ni, ẹ̀rọ a sì máa fò ó kọjá. Àmì 127 ni òdìkejì rẹ̀. Gbogbo ihò méjèèje ni a lu fún un, òun ni a sì fi ń pa àṣìṣe rẹ́, nítorí pé ihò tí a ti lu kò ṣeé dí mọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀dá èdè ètò ni àmì tí kò ní iṣẹ́ yìí ti gba iṣẹ́. Nínú èdè BCPL, tí Martin Richards gbé kalẹ̀ ní ọdún 1967, iye ni a fi ń mọ òpin okùn: báìtì àkọ́kọ́ ni ó ń sọ iye àmì tí ó tẹ̀ lé e. Àléébù èyí ni pé báìtì kan kò lè ka ohun tí ó ju 255 lọ. Nígbà tí Dennis Ritchie ń ṣe èdè C ní Bell Labs ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó yan ọ̀nà kókó, àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 sì ni kókó náà. Ìdí méjì ni òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà. Èkíní ni pé kò fẹ́ kí ààlà wà fún gígùn okùn. Èkejì ni pé àmì ìparí rọrùn láti lò ju iye tí a ní láti máa tún kọ nígbà gbogbo.

Ìpinnu yìí kò burú. Okùn lè gùn tó bí a bá ti fẹ́, báìtì kan péré ni owó orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: àmì tí a bá ti fi ṣe kókó kò tún gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹyọ.

4. Táíwò wọlé, Kẹ́hìndé wà níta

Bí a bá ní kí ètò kan tọ́jú orúkọ ìbejì kan ní Igbó-Ọrà sínú okùn kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó kọ ètò náà sì fi àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 pààlà láàárín orúkọ méjèèjì, iye báìtì tí yóò wà níbẹ̀ ṣeé kà. Ní ìlànà UTF-8, Táíwò gba báìtì 8, nítorí pé á, í àti ò gba méjì méjì, T àti w sì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ààlà gba báìtì 1. Kẹ́hìndé gba 13: ẹ nìkan gba mẹ́ta, àmì ohùn òkè orí rẹ̀ sì gba méjì lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 22.

Bí a bá wá bi àṣẹ strlen ti èdè C léèrè pé báwo ni okùn náà ti gùn tó, 8 ni yóò dáhùn. Bí a bá fi strcpy ṣe àdàkọ rẹ̀, Táíwò nìkan ni yóò dé ibi tí a ń kó o lọ. Bí a bá fi strcmp fi í wé okùn mìíràn tí Táíwò nìkan wà nínú rẹ̀, yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Gbogbo báìtì 13 tí ó jẹ́ ti Kẹ́hìndé ṣì wà nínú ibi ìpamọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wo ibẹ̀ mọ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó rán Táíwò pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Nínú ètò yìí, ìránṣẹ́ wọlé, ẹni tí ó rán an níṣẹ́ sì wà níta.

Ohun tí ó mú kí àṣìṣe yìí burú ni pé kì í pariwo. Ètò kò dákú, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Akọ̀wé tí ó wo ojú ẹ̀rọ yóò rí orúkọ kan tí ó pé, tí àmì ohùn rẹ̀ sì dára. Ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé orúkọ kejì ti sọnù. Orúkọ ọmọ sì ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò sí ohun tí a ó fi fà á wá síwájú.

5. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ kún fún òfo

Ẹnìkan lè sọ pé aṣìwèrè nìkan ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sí àárín orúkọ. Ṣùgbọ́n ó lè wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í síbẹ̀. Ìlànà UTF-16 máa ń fún lẹ́tà ní báìtì méjì, ó kéré tán. Lẹ́tà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ju 255 lọ kò ní ohun tí yóò fi sínú báìtì kejì, nítorí náà 0 ni yóò wà níbẹ̀.

Orúkọ Igbó-Ọrà ní àmì ìkọ̀wé mẹ́jọ bí a bá ka àmì ìdàpọ̀ mọ́ ọn. Ní UTF-16, báìtì 16 ni ó gbà, méje nínú wọn sì jẹ́ 0. Ọ nìkan ni kò ní òfo lára nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí a bá to báìtì kékeré síwájú, àṣẹ strlen yóò ka I nìkan, yóò sì ní okùn ti parí. Bí a bá to báìtì ńlá síwájú, òfo ni yóò kọ́kọ́ pàdé, yóò sì ní kò sí nǹkankan nínú okùn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Èrúwà: báìtì 10 ni ó gbà, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ 0.

Ọ̀ràn àmì ohùn tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Unicode, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni a ń kọ, kí a tó kọ àmì ohùn tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni U+0300, ti ohùn òkè sì ni U+0301. Báìtì méjì tí ohùn òkè ní ní UTF-16 ni 01 àti 03, kò sí òfo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 00 àti 03 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí ètò tí ń wá kókó bá ka ọ́, kò ní pàdé òfo láàárín lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀. Bí ó bá ka ọ̀, tí báìtì kékeré sì ṣáájú, yóò mú ọ, yóò sì fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Kò sí onímọ̀ èdè Yorùbá kan tí yóò ka èyí sí ohun kékeré.

Ìlànà UTF-8 ni ó gba Yorùbá sílẹ̀ lọ́wọ́ èyí. Ken Thompson àti Rob Pike ni ó ṣe é ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí báìtì 0 kò fi lè wà nínú àmì ìkọ̀wé èyíkéyìí àyàfi àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 fúnra rẹ̀. Ní UTF-8, Igbó-Ọrà gba báìtì 12, Èrúwà gba 8, kò sì sí òfo kan nínú àwọn méjèèjì.

6. Nígbà tí ònkàwé méjì kò bá fohùn ṣọ̀kan

Ewu tí ó tóbi jù máa ń wáyé nígbà tí ètò méjì bá ń ka okùn kan náà, tí ọ̀kan ń lo iye, tí èkejì sì ń lo kókó. Ní ọdún 2009, níbi ìpàdé Black Hat ní Amẹ́ríkà, Moxie Marlinspike àti Dan Kaminsky fi èyí hàn gbangba. Ìwé ẹ̀rí ni ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì fi ń jẹ́ kí a mọ̀ pé òun gan-an ni, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí náà sì máa ń ní iye tirẹ̀. Oníjìbìtì tí ó ní orúkọ ìkànnì tirẹ̀ lè béèrè ìwé ẹ̀rí fún okùn tí orúkọ ilé-ìfowópamọ́ wà níwájú rẹ̀, tí òfo tẹ̀ lé e, tí orúkọ tirẹ̀ sì wà ní ìparí. Ẹni tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ka gbogbo okùn náà, ó rí i pé ìparí rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó béèrè, ó sì fọwọ́ sí i. Ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì wá ka okùn kan náà, ó dúró níbi òfo, orúkọ ilé-ìfowópamọ́ nìkan ni ó sì rí. Ọ̀kan ka ìdí okùn, èkejì ka orí rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni olè gbà wọlé.

Irú rẹ̀ ti wà nínú èdè PHP pẹ̀lú. Ètò a máa gba orúkọ fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó, a sì fi ìparí bíi .txt kún un kí ó má baà lè ṣí fáìlì irú mìíràn. Ẹni tí ó bá fi òfo sí ìparí orúkọ tí ó kọ ti gé ìparí náà dànù, nítorí pé èdè C ni ó wà nísàlẹ̀ tí ń ṣí fáìlì. Láti ìgbà tí PHP 5.3.4 ti jáde ní ọdún 2010 ni PHP kò ti gba òfo mọ́ nínú orúkọ fáìlì.

7. Ọ̀nà àbáyọ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ ni ohun tí ó wà nínú okùn, tàbí báìtì lásán? Àwòrán, ohùn tí a gbà sílẹ̀ àti ohun tí a fi àdììtú kọ lè ní òfo ní ibikíbi, òfo náà sì jẹ́ ara wọn. Irú èyí kò gbọdọ̀ ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ iye rẹ̀. Nínú èdè C, memcpy àti memcmp, tí a máa ń sọ iye fún, ni ó yẹ é, kì í ṣe strcpy àti strcmp.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bí orúkọ ènìyàn tàbí orúkọ ìlú, òfo kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti yẹ kí a dá a padà, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ó mú un wá. Bí PostgreSQL ti ń ṣe nìyẹn. Kì í gba òfo sínú ọ̀rọ̀ rárá. Python náà kò jẹ́ ṣí fáìlì tí òfo bá wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé àṣìṣe ni.

Ohun tí kò dára ni kí a rọra yọ òfo náà dànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú àpẹẹrẹ ìbejì, bí a bá yọ ààlà, TáíwòKẹ́hìndé ni yóò kù, ènìyàn kan tí a kò bí rí. Síbẹ̀, òfo ní ìwúlò tirẹ̀. Nínú Unix, orúkọ fáìlì lè ní àyè, ó tilẹ̀ lè ní ìlà tuntun nínú, ṣùgbọ́n kò lè ní òfo. Nítorí náà ni àṣẹ find fi lè fi òfo pààlà láàárín orúkọ fáìlì, tí xargs yóò sì gbà á láìṣìnà, bí a bá ti sọ fún àwọn méjèèjì pé òfo ni ààlà.

8. Orúkọ tí ó yẹ ẹ́

Láti ọdún 1970, nígbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn pé orúkọ tí kò bá ya ohun méjì sọ́tọ̀ yóò da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú. Orúkọ mẹ́rin ni ó ń du àmì yìí.

Àmì òdo ni èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn, òun ni ó sì léwu jù. Òdo ni 0 tí a fi ń kọ òǹkà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 48. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Èrúwà pé kí ó yọ gbogbo àmì òdo kúrò nínú okùn, òdo tí ó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù ni yóò kọ́kọ́ yọ, nọ́ńbà náà kò sì ní lọ mọ́. Àmì àyè kò dára, nítorí pé àyè ni ohun tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, nọ́ńbà tirẹ̀ sì ni 32. Àmì asán sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n asán wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìtọ́ka tí kò tọ́ka sí ibi kankan, èyí tí í ṣe ohun mìíràn nínú ìmọ̀ ètò.

Àmì òfo ni ó kù, òun ni ó sì yẹ. Ó sọ ohun tí tẹ́ẹ̀pù bébà sọ: kò sí ihò, kò sí lẹ́tà. Kí àmì ohùn rẹ̀ pé ṣá o, nítorí pé bí sílébù kejì bá lọ sílẹ̀, òfo ti di òfò, àdánù nìyẹn. Àwọn èdè-ìperí tí ó tẹ̀ lé e yìí lè bá a rìn:

Àmì ìkọ̀wé: lẹ́tà, òǹkà, àyè tàbí àmì ohùn, tí ìlànà fún ní nọ́ńbà.
Okùn àmì: ọ̀wọ́ àmì ìkọ̀wé tí a tò tẹ̀ léra.
Gígùn okùn: iye tí ó wà nínú okùn, kí a máa sọ bóyá báìtì ni a kà tàbí àmì.
Àmì òfo: àmì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.
Kókó ìparí: àmì tí ó sọ pé okùn ti parí. Àmì òfo ni nínú èdè C, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni kókó, òfo ni ẹni tí ń ṣe é.
Òfo àárín: àmì òfo tí ó wà nínú okùn ṣáájú òpin rẹ̀ tòótọ́.
Okùn òfìfo: okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 0, tí kò ní àmì kankan nínú.
Ìtọ́ka asán: ìtọ́ka tí kò tọ́ka sí ibi kankan.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òfo àárín àti okùn òfìfo. Okùn tí àmì òfo kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òfìfo. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹni tí ń lo iye yóò rí èyí, ẹni tí ń lo kókó kò ní rí i.

9. Àgbálọgbábọ̀

Àmì òfo kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Àdéhùn ni a kò pa mọ́: a fún un ní iṣẹ́ kókó, a sì tún jẹ́ kí ó wà láàárín ẹyọ. Ẹni tí ó bá ń kọ ètò tí yóò tọ́jú orúkọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí a fi ń ka okùn rẹ̀, láti ojú ẹ̀rọ títí dé ibi ìpamọ́, kí ó sì rí i pé gbogbo ònkàwé tí ó wà lójú ọ̀nà fohùn ṣọ̀kan. Ní ti èdè-ìperí, Yorùbá kì í fi ibi tí a bá pè ní orí tẹlẹ̀. Bí òdo bá ti ń jẹ́ òdo, kí òfo máa jẹ́ òfo, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì lè mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ àti èyí tí yóò dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò jọ wọlé.